Òun ló ń mú iná wá, àbí iná ló ń gbé e rìn? Àríwísí lórí ọ̀rọ̀-ìperí fún pọ́ǹpù píésò

Ọ̀rọ̀-ìperí tí èmi fúnra mi dábàá ni mo fẹ́ tako nínú àpilẹ̀kọ yìí. Nígbà tí mo ń túmọ̀ ìwé ẹ̀rọ kan láti èdè Faransé, mo pe *piézoélectrique* ní "iná-àtẹ̀yọ". Orírun ọ̀rọ̀ náà ni mo tẹ̀ lé, nítorí inú ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì tó túmọ̀ sí "tẹ̀" ni ó ti wá. Ó sì bá ohun tí Jacques àti Pierre Curie rí ní 1880 mu: bí a bá tẹ àwọn kírísítálì kan, iná a yọ lára wọn. Irú ìṣáná gáàsì tí a ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí pọ́ǹpù ni ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í tẹ nǹkan kan. Iná ni a ń fi sí pẹlẹbẹ sẹ̀rámíìkì tí a lẹ̀ mọ́ awọ tínrín tó bo ihò kékeré. Pẹlẹbẹ náà a tẹ̀ sókè, ihò a fẹ̀, omi a wọlé. Bí a bá yí iná padà, a tẹ̀ sísàlẹ̀, omi a jáde. Ọ̀nà ìkejì yìí ni Gabriel Lippmann fi ìṣirò sọ tẹ́lẹ̀ ní 1881, tí àwọn Curie sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Òun náà ló ń ti tàdáwà jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Epson, irú èyí tí èèyàn lè bá pàdé ní Sokodé. Ẹ kíyè sí i: *tẹ̀* tó gba àbọ̀ ni mo ní lọ́kàn, *tẹ̀* tí kò gba àbọ̀ ni pọ́ǹpù ń ṣe. "Àtẹ̀yọ" kò fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Àṣìṣe kejì wà lára "fáàfù", tí mo yá lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti Nàìjíríà. Ilé-ẹ̀kọ́ ní Tchamba àti Sokodé ti kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ méjì. *Clapet* ni èyí tí omi fúnra rẹ̀ ń tì ṣí, tó sì ń tì pa. *Vanne* ni èyí tí a ń ṣí láti ìta. Ẹni tó bá ti fa omi kànga ní Kambolé mọ *clapet* dáadáa: bí rọ́bà rẹ̀ bá gbó, omi a padà sísàlẹ̀, ọwọ́ a sì máa fì lásán. Gbólóhùn mi, "iná ló ń ṣí fáàfù", jẹ́ òtítọ́ nípa *vanne* píésò. Nípa pọ́ǹpù onípẹlẹbẹ tí mo ṣàpèjúwe, irọ́ ni: pẹlẹbẹ nìkan ni iná ń gbé, omi ló ń ṣí *clapet*. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbà mí gbọ́ yóò so wáyà mọ́ ibi tí kò yẹ.

Ohun tí mo dábàá báyìí nìyí: kí a yá "píésò" fún àbùdá náà, kí ọ̀rọ̀-ìṣe sì sọ ẹni tó ń ṣe é. Ìṣáná jẹ́ "píésò amúnáwá", gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ "ẹ̀rọ amúnáwá". Pọ́ǹpù jẹ́ "píésò afinárìn". *Clapet* jẹ́ "ilẹ̀kùn ọ̀nà-kan", *vanne* jẹ́ "ilẹ̀kùn afináṣí". Àǹfààní wọn kọjá kíláàsì. Èdè Kambolé, tí àwọn onímọ̀ ń kà pọ̀ mọ́ ti Manigri ní Benin, ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Faransé. Ìbàdàn ń yá tirẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Ilẹ̀kùn" kò béèrè ìwé ìrìnnà ní ibodè.

Kí a tó gba ọ̀rọ̀-ìperí kankan, ẹ jẹ́ ká fi í sínú gbólóhùn tó ní olùwà àti àbọ̀. "Iná-àtẹ̀yọ" kò yege nínú ìdánwò yẹn. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ mi.