District 9: Ìgbádùn Òǹwòran àti Ọ̀rọ̀ Àlejò

Oríṣi òǹwòran méjì ni ó ń wọ ilé sinimá. Èkínní ti ka ìwé ìròyìn, ó ti gbọ́ ìtàn lẹ́nu ọ̀rẹ́, ó sì ti mọ ibi tí ẹ̀rín wà kí ó tó jókòó. Èkejì ń kọjá lọ ni tirẹ̀. Ó rí àwòrán lára ògiri, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó sanwó, ó wọlé. Lámèyítọ́ kì í sábà ka ìgbádùn ẹni kejì yìí sí ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀, àwọn fíìmù kan wà tí ó jẹ́ pé ojú tí kò múra sílẹ̀ gan-an ni wọ́n nílò. Ọ̀kan nínú wọn ni District 9, ìtàn sáyẹ́ǹsì tí ń gbé ọkàn ẹni sókè, tí Neill Blomkamp, ọmọ bíbí Johannesburg, darí, tí Peter Jackson gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2009.

Johannesburg ni ibùdó ìtàn. Ní ọdún 1982, gẹ́gẹ́ bí fíìmù náà ti wí, ọkọ̀ ràgàjì kan ti òfurufú wá, ó rọ̀ dirodiro sí òkè ìlú náà, kò balẹ̀, kò sì lọ. Àwọn ẹ̀dá abàmì tí ebi ti hàn léèmọ̀ ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Wọ́n kó wọn sí àgọ́; nígbà tí ó yá, àgọ́ di àdúgbò onípáànù. Lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní ogún, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ MNU gba iṣẹ́ láti kó wọn kúrò nílùú, ó sì fi Wikus van de Merwe, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí Sharlto Copley ṣe ipa rẹ̀, ṣe olórí iṣẹ́ náà.

Bí ìròyìn orí tẹlifíṣọ̀n ni ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó, wọ́n ń jẹ́rìí. Kámẹ́rà ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e. Wikus ń ti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé tí àwọn àlejò gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀, ó ń ṣàwàdà, òǹwòran sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó dé ahéré tí ẹyin àwọn àlejò wà, ó ní kí wọ́n tiná bọ̀ ọ́, ó sì fi ìró ẹyin tí ń bẹ́ wé ìró gúgúrú tí ń ta. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu òǹwòran kí ó tó yé e pé ọmọ ni wọ́n ń sun. Ẹni tí ó ti gbọ́ àlàyé tẹ́lẹ̀ yóò ti ṣọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ẹni tí ó yà wọlé lásán ni ìtàn náà mú. Láìpẹ́, omi àràmàǹdà kan ta sí Wikus lójú, apá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í di apá àlejò. Ẹni tí ń lé ni wá di ẹni tí à ń lé.

Orúkọ fíìmù náà kò ṣàdédé wá. Ní ọdún 1966 ni ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa kéde pé District Six ní Cape Town di ti aláwọ̀ funfun nìkan. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n lé àwọn ènìyàn tí ó lé ní 60,000 kúrò níbẹ̀. Chiawelo ní Soweto ni wọ́n ti ya èyí tí ó pọ̀ nínú àwòrán náà ní ọdún 2008. Oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni àwọn onílẹ̀ dìde sí àwọn ará Áfíríkà mìíràn tí ń gbé láàárín wọn, tí ẹ̀mí tí ó lé ní 60 sì bọ́. Àlejò tí ó ti òfurufú wá ń ṣojú fún àlejò tí ó gba ẹnubodè wọlé.

Fún olùkọ́ èdè, ọ̀nà tí wọ́n gbà lo èdè ni ó dùn jù. Àwọn àlejò ní èdè tiwọn, tí ìró rẹ̀ ń ta kọ̀kọ̀ lọ́fun. Ìtumọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Gẹ̀ẹ́sì ni Wikus ń sọ sí Christopher Johnson, àlejò tí ó di alábàáṣepọ̀ rẹ̀. Èdè tirẹ̀ ni Christopher fi ń dá a lóhùn. Kò sí ògbufọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pa èdè rẹ̀ tì, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Ẹni tí ó ti ná ọjà ẹnubodè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ pé èyí kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Christopher Johnson jọ orúkọ tí akọ̀wé kan kàn kọ sínú fọ́ọ̀mù. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, a kò gbọ́ ọ títí fíìmù fi parí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí náà ni ó wá kó bá fíìmù náà. Obesandjo ni wọ́n pe olórí àwọn jàǹdùkú ọmọ Nàìjíríà inú rẹ̀, orúkọ Yorùbá tí wọ́n dà rú, tí ó jọ ti Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tí ó ṣe ààrẹ Nàìjíríà títí di ọdún 2007. Eugene Khumbanyiwa, ọmọ Màláwì, ni ó ṣe ipa náà. Àwọn jàǹdùkú wọ̀nyí ń ta oúnjẹ ológbò fún àwọn àlejò, wọ́n ń gba ohun ìjà wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹran ara wọn nítorí agbára. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, Dora Akunyili, mínísítà fún ìròyìn nígbà náà, ní kí àwọn ilé sinimá dẹ́kun àfihàn rẹ̀, ó sì béèrè fún àforíjì.

A lè fèsì pé eré ni, pé àwọn aláwọ̀ funfun inú rẹ̀ pàápàá kò sunwọ̀n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n fíìmù náà fúnra rẹ̀ ni ó dá a lẹ́bi. Àlejò ní ọmọ, ó ní ìlú tí ó fẹ́ padà sí, ó ní òkú tí ó ń dárò. Wikus ní aya tí ó ń fi pàǹtírí ṣe òdòdó fún. Ọmọ Nàìjíríà kò ní ìyá, kò ní ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó gbé e kúrò nílé. Fíìmù tí ó mú kí òǹwòran kábàámọ̀ ẹ̀rín rẹ̀ tún fi àlejò kan sílẹ̀ fún un láti fi ṣẹ̀sín. Àléébù ìfìwàwẹ̀dá gan-an nìyí.

Ìfòfindè kò lè wo irú àléébù bẹ́ẹ̀ sàn, nítorí ẹni tí kò tí ì wò ó ni ó ń bá wí. Ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ibi tí fíìmù náà ti jáni kulẹ̀ ni ẹni tí ó yà wọlé, tí ó gbádùn rẹ̀, tí ìgbádùn náà sì kọ́ ní bí a ṣe ń wo àlejò. Bí olùkọ́ bá gbé e wá sí kíláàsì, ìbéèrè mẹ́ta tó: ta ni a fún ní èdè, ta ni a fún ní orúkọ, ta ni a fún ní ọmọ? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fi ibi tí iṣẹ́ ọnà náà dé hàn, àti ibi tí ó kù sí.