Álífù Tó Ga Tó Ẹ̀kán Méje

Bí wọ́n bá gbé àkọlé tí wọ́n fi wúrà yí ká síwájú mi, tí wọ́n sì gbé ìwé ìdánrawò akẹ́kọ̀ọ́ tì í, ìdánrawò ni n ó kọ́kọ́ mú. Inú rẹ̀ ni a ti ń rí bí ọwọ́ ṣe ń di ọwọ́.

Ti Istanbul ni mò ń wí, níbi tí àwọn ọ̀gá ti ń gba iṣẹ́ fífi lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀wé ẹlẹ́wà lọ́wọ́ ara wọn bọ̀ láti ayé Şeyh Hamdullah, tó kú ní 1520. Àdúrà ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ máa ń kọ, kó tó kan lẹ́tà ẹyọ kan: kí Ọlọ́run mú iṣẹ́ náà rọrùn, kó má jẹ́ kó nira, kó sì jẹ́ kó parí sí rere. Àdúrà ọ̀hún gan-an nira ju lẹ́tà ẹyọ lọ, torí àwọn lẹ́tà rẹ̀ ti so kọ́ra. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹlòmíràn ń lò lórí rẹ̀. Aláìnísùúrù kì í kọjá ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan álífù, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ti Lárúbáwá. Ìféfé ni kálámù tí wọ́n fi ń kọ ọ́, wọ́n sì gé ẹnu rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Tẹ ẹnu náà mọ́ ìwé, fà á díẹ̀, ẹ̀kán onígun mẹ́rin ni yóò fi sílẹ̀, tó dúró lórí igun rẹ̀ kan. Ẹ̀kán yìí ni wọ́n fi ń wọn ohun gbogbo. Nínú ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní thuluth, álífù ga tó ẹ̀kán méje. Kálámù ì báà fẹ̀, ì báà tín-ín-rín, méje náà ni. Ibn Muqla ará Baghdad, tó kú ní 940, ni wọ́n gbà pé ó fi ìlànà ìwọ̀n yìí lélẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n: ohun tí a fi ń kọ̀wé náà ni a fi ń wọn ìwé.

Àtúnṣe ọ̀gá ni mo lè wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ìlà rẹ̀ wá. Ọ̀gá á kọ èyí tó tọ́ lọ́tun sábẹ́ rẹ̀ gan-an, á sì kán ẹ̀kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ibi tó ti ga jù tàbí tó ti gùn kọjá ààlà lè hàn. Ká mú lẹ́tà nún: ti akẹ́kọ̀ọ́ jìn, ikùn rẹ̀ há; ti ọ̀gá tẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì gòkè ní ìparí láìgbọ̀n. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí àlàyé rẹpẹtẹ. Ojú akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Àwa tí a ti ilé-kéú wá mọ bí a ṣe ń fi omi fọ tàdáà kúrò lára wàláà. Ìwé àwọn ará Istanbul náà ṣeé nù. Wọ́n fi funfun ẹyin àti álọ́ọ̀mù pa á lára, wọ́n sì fi òkúta dán an. Yíǹkì tí wọ́n fi èéfín fìtílà àti oje igi ṣe kì í mu wọlé, ìka tútù lè nu àṣìṣe kúrò.

Ọ̀gá pàápàá kì í ṣíwọ́ ìdánrawò. Yóò máa kọ lẹ́tà lé lẹ́tà, yóò yí ìwé sódì, yóò tún kọ, títí gbogbo ojú ìwé á fi dúdú. Kò wá ìtumọ̀ kankan, síbẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́wà débi pé àwọn èèyàn ń fi férémù sí i.

Ní 1928 ni ìjọba Tọ́kì fi lẹ́tà Lárúbáwá sílẹ̀. Ìdánrawò kò kú. Hamid Aytaç kọ́ Hasan Çelebi, Çelebi sì kọ́ àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1988, Mohamed Zakariya, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ìjásà, ìyẹn ìwé àṣẹ ọ̀gá, lọ́wọ́ Çelebi. Ìwé ìdánrawò Mehmed Şevki, tó kú ní 1887, ṣì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń wò kọ títí di òní.