Kókó Kì í Ṣe Egbò: Àríwísí lórí Orúkọ Àrùn nínú Ìwé Ìlera

Orúkọ àrùn ni ohun àkọ́kọ́ tí ìwé ìlera fi ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀. Bí orúkọ náà bá ṣi òǹkàwé lọ́nà, àlàyé tí ó tẹ̀ lé e kì í sábà rí i dá padà. Èyí hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ àrùn tí àwọn oníṣẹ́ ìlera ń fi èdè Faransé pè ní ulcère de Buruli. Àrùn náà kò ṣàjèjì ní agbègbè Plateau, tí Kétu àti Pobẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní Pobẹ̀ ni ilé ìwòsàn tí a yà sọ́tọ̀ fún un wà láti 2003.

Buruli jẹ́ orúkọ agbègbè kan ní Uganda. Kò sọ nǹkan kan fún àgbẹ̀ Kétu. Ulcère ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà, egbò ni. Ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í sábà fi egbò bẹ̀rẹ̀. Kókó kékeré lábẹ́ awọ, tàbí ojú ara tí ó le, tàbí wíwú, ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ. Kì í sábà dunni, kì í sì í sábà mú ibà wá. Lẹ́yìn èyí ni awọ máa ń là, tí egbò fi ń yọ.

Nítorí náà, ìyá tí ó rí kókó lápá ọmọ rẹ̀, tí ó sì ti kà nípa "egbò Buruli", yóò wo apá náà, yóò rí i pé kò sí egbò níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó mú un dúró. Ìwé tí ó kà yé e dáadáa. Ìwé náà gan-an ni ó kọ́ ọ pé kí ó dúró.

Ohun tí ìdúró yìí ń náni kò kéré. Láti 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń gbani nímọ̀ràn pé kí a fi oògùn apakòkòrò tọ́jú àrùn náà fún ọ̀sẹ̀ 8. Ṣáájú ìgbà náà, iṣẹ́ abẹ ni a gbójú lé. Láàárín 2005 sí 2011, aláìsàn 1,227 tí àyẹ̀wò fìdí àrùn wọn múlẹ̀ ni a tọ́jú ní Pobẹ̀. Nínú àwọn tí a tún yẹ̀ wò lẹ́yìn ìtọ́jú, àbùkù ara tí kò lọ mọ́ kù sára ohun tí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ní Áfíríkà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 sún mọ́ ìdajì àwọn tí àrùn náà ń mú.

Àléébù kejì wà nínú gbólóhùn "kì í dunni". Lójú oníṣègùn, àmì àrùn ni. Létí Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìtùnú ni: ohun tí kò dunni kì í ṣe ohun tí à ń torí rẹ̀ pa oko tì. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ohun tí ó ń fà á. Àrùn náà wọ́pọ̀ létí omi tí kì í ṣàn tàbí tí ó rọra ń ṣàn, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ọ̀nà tí kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọ ara. Ìwé tí ó bá kéde pé "omi ni ó ń fà á" ti sọ ju ohun tí a mọ̀ lọ. Àwọn tí ń pọn omi kan náà tí nǹkan kan kò ṣe yóò já a nírọ́, wọn yóò sì padà sórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ayé. Ìwádìí ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ sì ti fi hàn pé ìgbàgbọ́ yìí wà lára ohun tí ń fa ìpẹ́ kí a tó dé ilé ìwòsàn.

Irú àṣìṣe yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Nàìjíríà, wọ́n sọ AIDS di éèdì, tí ó fara jọ èèdì, ìyẹn oògùn tí ọ̀tá fi ń mú ènìyàn ṣe ohun tí kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ sì ń pè é ní àrùn kògbóògùn. Láti 1996 ni àpapọ̀ oògùn ti wà tí ń mú kí ẹni tí ó ní kòkòrò náà pẹ́ láyé. Síbẹ̀ orúkọ náà ṣì ń sọ fún un pé kí ó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ìwé àtijọ́ ṣeé fà ya. Orúkọ kò ṣeé fà ya.

Orúkọ tí ó bá dárúkọ ìbẹ̀rẹ̀ àrùn, bíi "kókó àìdunni", ìbá ṣiṣẹ́ ju "egbò" lọ. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo kókó ni àrùn yìí, àrùn náà sì lè yọ bíi wíwú lásán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣẹ́ ìlera ni láti yẹ kókó wò. Iṣẹ́ ìyá ni láti gbé ọmọ wá. Èdè náà kò sì ṣaláìní ọ̀rọ̀ tí a lè fi rọ̀ ọ́: kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìrókò kékeré kì í dun ẹnikẹ́ni. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú "kì í dunni", kí gbólóhùn náà lè di ìkìlọ̀.

Ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kò tó kí olùkọ́ béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Kí ó béèrè pé: "Bí ẹ bá rí èyí lára ọmọ yín lónìí, kí ni ẹ ó ṣe lọ́la?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ "A ó máa ṣọ́ ọ ná," ìwé náà ni kí a tún kọ.