Ọjọ́ Kan ní Pápá Orin ní Èkó: Ta Ló ń Kọrin, Ta Ló ń Wòran?

Ní ìpàdé wa kan, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí ìsìn ọpẹ́ tí a máa ń ṣe ní ìta gbangba, ẹnìkan dìde, ó ní kí a ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe The Experience ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra ètò náà o. Mo ti lọ síbẹ̀, mo rí èyí tí ó dára, mo sì rí èyí tí kò yẹ kí á kó wálé.

Pásítọ̀ Paul Adefarasin ti ìjọ House on the Rock ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ní Tafawa Balewa Square, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí TBS. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ yẹn kan náà, nígbà tí ó ṣì jẹ́ pápá eré ẹṣin, ni wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè nígbà òmìnira ní ọdún 1960. Don Moen ti Amẹ́ríkà, Tọ́pẹ́ Alábí, Sinach àti Nathaniel Bassey wà lára àwọn tí ó ti kọrin níbẹ̀ ní ọdún kan tàbí òmíràn.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni èmi àti àbúrò mi obìnrin lọ. Alẹ́ ni orin máa ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ a sì mọ́ bá wọn, ṣùgbọ́n agogo méjì ọ̀sán ni a ti dé ìdí àwọn ẹṣin funfun mẹ́rin tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí àbúrò mi ní bí a bá pẹ́, ẹ̀yìn òpó ni a ó jókòó sí. Àwọn ènìyàn gbé oúnjẹ, ẹní àti ọmọ ọwọ́ wá. Láìpẹ́, àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́jọ lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n fi ṣe ìlù. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ju ọgbọ̀n lọ, èmi pẹ̀lú ti wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tí ó ti ń dùn mí láti inú mọ́tò kò sì dùn mí mọ́. Mo gbádùn ìyẹn ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo rí lórí pèpéle ní òru lọ.

Nígbà tí ètò gan-an bẹ̀rẹ̀, iná tàn, ẹ̀rọ bú, àyà mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ó jókòó ti jẹnẹrétọ̀. Bí àlejò láti òkè òkun bá gba maikirofóònù, ọwọ́ a lọ sókè, fóònù a lọ sókè. Àwọn ènìyàn mọ ọ̀rọ̀ orin náà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ojú wọn sì wà lára àwòrán ńlá tí wọ́n gbé kọ́. Òun ni ó ń kọrin, àwa ń wòran. Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa dá orin Yorùbá. Kò tíì parí ìlà kejì tí gbogbo pápá fi gbè é. Ọkùnrin tí ó ń ta omi sọ abọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń gbè. Àwọn ọ̀rẹ́ wa Ìgbò tí ó wà níwájú wa kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ní ìgbà kejì wọ́n ti mú ègbè. Àárín ibẹ̀ ni àwọn onílù àti onígìtá bá ki ohùn ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, tí a kò fi mọ̀ bóyá ìlú ni obìnrin náà ń wí tàbí ìlù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní Marina, níbi tí kò jìnnà sí pápá náà, ni Cathedral Church of Christ wà. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1953 tí ó pè ní Yoruba Music, ó sì sọ níbẹ̀ pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú ìwo ni akọrin ń kọrin sí nígbà náà, nítorí maikirofóònù oníná kò tíì dé ibi iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ní ọdún 2020, àrùn Corona lé ètò Èkó yìí kúrò ní pápá, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe é. Mo wò ó ní Kpata níhìn-ín lórí fóònù ọmọ mi. Ó mọ́ ketekete, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó la ẹnu nínú pálọ̀ wa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á bọ̀ sílé. Ní ìsìn ọpẹ́ wa tí ó kọjá, àwọn ìyá wa tí ń fi èdè Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ kọrin jókòó láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Agogo méjì ọ̀sán ni a tó pè wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fún wọn. Àwọn olórin tí a háyà gba wákàtí méjì. Ọmọ ìgbìmọ̀ ni mí ní ọdún náà, mo sì fọwọ́ ara mi sí ìwé ètò yẹn bí mo ti ń fọwọ́ sí fáìlì ní ọ́fíìsì, n kò kà á lẹ́ẹ̀mejì. Onígìtá kò tilẹ̀ dákẹ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ wa? Àwa ò gbọ́ ara wa o." Mo ní, "A gbọ́ yín, Màmá." N kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ.

Bí a bá fẹ́ mú nǹkan láti Èkó, ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀fẹ́ ẹnu ọ̀nà, àti àǹfààní kí ènìyàn tètè dé kí ó sì rí ibi jókòó. Owó tí wọ́n ní kí á fi gbé gbajúmọ̀ olórin wá láti Àbújá, mo ní kí á fi ra maikirofóònù tí ó dára fún àwọn ìyá wa, kí wọ́n ṣíwájú pẹ̀lú wákàtí kan, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan, kí onígìtá jókòó. Ìwé ètò tuntun wà lọ́wọ́ akọ̀wé. A kò tíì fọwọ́ sí i.