Ìmọ́lẹ̀ àti Imọlẹ̀: Ọ̀rọ̀ Méjì Ni

Àwọn kan tí ń kọ́ni ní ìtàn a máa wí pé ìmọ́lẹ̀ tí a ń kà nínú Bíbélì, àti imọlẹ̀ tí àwọn baba wa bọ ní agbègbè Ìkòlé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Wọn a sì ti ibẹ̀ sọ pé ìmọ́lẹ̀ ni àwọn baba wa ń sìn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá kò jìnnà. Nínú ìwé tí a tẹ̀ láìsí àmì ohùn, ọ̀kan ṣoṣo ni ojú ń rí. Etí ni ó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: nínú ti èkíní, ohùn gòkè lórí mọ́, nínú ti èkejì, kò gòkè rárá.

Ẹ jẹ́ kí a tú èkíní wò. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́: báyìí ni a ń sọ ti alẹ́ àti ti òwúrọ̀. Láti ara mọ́ àti ilẹ̀ ni mọ́lẹ̀ ti wá. A fi ì síwájú rẹ̀, ó di orúkọ, gẹ́gẹ́ bí ṣubú ti di ìṣubú. Mọ́ yìí kan náà ni ó wà nínú ojúmọ́. Òun ni a sì ń lò fún aṣọ tí a fọ̀ tí ó mọ́. Fìtílà ti èdè Lárúbáwá wá, ó gba ọ̀dọ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n èdè tiwa ni a fi ń sọ iṣẹ́ rẹ̀, pé ó mọ́lẹ̀.

Èkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní imalẹ̀. Irúnmalẹ̀ sì ni D. O. Fágúnwà kọ sí orí ìwé rẹ̀ ní 1938. Ta ni ó ti pe ìmọ́lẹ̀ ní ìmálẹ̀ rí? Mọ́ kì í yí padà.

Bí méjèèjì ti fi ìró kan náà bẹ̀rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ilé, ilẹ̀ àti iná tí ará Ọ̀yọ́ ń wí, ulé, ulẹ̀ àti uná ni lẹ́nu ará Èkìtì. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò wí pé ilé àti iná jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Àní gbòǹgbò tòótọ́ pàápàá ní ààlà tirẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, ìmọ́lẹ̀ wà ní ẹsẹ 3, nígbà tí ilẹ̀ gbígbẹ kò hàn títí di ẹsẹ 9. Àwọn tí ó parí ìtumọ̀ Bíbélì ní 1884 kò ṣìnà. Ọ̀rọ̀ náà ti dàgbà ju ilẹ̀ tí ó ti hù lọ.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó fi ọ̀rọ̀ kan gbé ìtàn kalẹ̀, kí ó kọ́kọ́ pè é sókè, kí ó sì fi àmì sí i. Ìtàn àwọn baba wa pọ̀ tó. Kò yẹ kí a ti inú àìsí àmì dá òmíràn sílẹ̀ fún wọn.