Àlàfo Kì í Ṣe Òdo

Ṣáàtì kan wà lórí Our World in Data tó ń fi agbára tí gbogbo ayé ń lò láti ọdún 1800 hàn. Ẹ fi ìka kan ọdún tó bá wù yín, iye rẹ̀ á yọ. Ní 1800, igi ìdáná àti irú rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè. Lẹ́yìn náà ni èédú inú ilẹ̀ wọlé, epo rọ̀bì tẹ̀ lé e, gáàsì náà dé. A fẹ́ràn ṣáàtì yìí gan-an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni ṣáàtì tó ń sọ ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú Nàìjíríà: ìlà kan ṣoṣo ló ń gòkè tó ń sọ̀. Igi kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Energy Institute àti EIA ti ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú dátà yẹn, epo àti iná tó ń wọ ọjà ni wọ́n sì ń kà. Ọjà wo? Èédú tí wọ́n ń tà ní àpò-àpò lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ṣé inú ọjà kọ́ nìyẹn ni? IEA tó wà ní Paris máa ń ka igi àti èédú. Nínú ìṣirò tiwọn, òun gan-an ló pọ̀ jù nínú agbára tí Nàìjíríà ń lò.

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ sísàlẹ̀ o, ní lẹ́tà wínníwínní. Ta ló ń ka ìyẹn lórí fóònù? Bẹ́ẹ̀ WHO ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn lágbàáyé ní 2020. Ẹni tó fẹ́ náwó sórí ọ̀rọ̀ agbára, tó sì wo ìlà yẹn nìkan, kò ní rí ààrò kankan.

Àwa tí à ń kọ kóòdù náà ní ẹ̀bi tiwa. Nínú JavaScript, ẹ fi àmì + síwájú àlàfo, òdo ló máa fún yín. Bẹ́ẹ̀ àìmọye àpẹẹrẹ D3 ló ń fi àmì yẹn sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà. A ti jìn sí kòtò yẹn rí. A ya máàpù Áfíríkà, orílẹ̀-èdè tí wọn ò ka tirẹ̀ jókòó sórí òdo, àwọ̀ rẹ̀ sì rẹwà. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀kan nínú wa tó béèrè pé, “Ṣé wọn kì í dáná níbẹ̀ ni?”

Our World in Data kò ṣe irú àṣìṣe yìí. Ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo orílẹ̀-èdè tí kò ní dátà lórí máàpù wọn. Àmọ́ orílẹ̀-èdè tó ní iye, tí ìdajì iye náà sì sọnù ńkọ́? Kò sí ìlà kankan fún ìyẹn.

Àwòrán tí a máa gbé borí kò tiẹ̀ ṣeé tẹ̀. Ilé ìwádìí Lawrence Livermore ní California ló ń yà á nípa agbára Amẹ́ríkà. Sankey ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, orúkọ ọ̀gágun kan tó fi ya bí ooru ṣe ń lọ nínú ẹ́ńjìnnì onínyà ní 1898. Orísun agbára wà lápá òsì, ó ń ṣàn bí odò lọ sápá ọ̀tún. Níbẹ̀ ni odò aláwọ̀ eérú ńlá kan wà tó jẹ́ kìkì òfò. Nínú 100.2 quads ti 2019, 67.5 ló gbabẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó so mítà mọ́ sàlẹ́ńsà gbogbo mọ́tò Amẹ́ríkà. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ ni, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n yà á, wọ́n sì fún un ní àyè tó tó o.

Igi ìdáná náà ṣeé yà báyẹn. A gbìyànjú rẹ̀ lóṣù tó kọjá: a mú iye IEA, a fi ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ kún un kó lè hàn pé ìdíwọ̀n ni, a sì gbé e lé ìlà Nàìjíríà lórí. Ṣáàtì kò gbà á. A ní láti fa òkè rẹ̀ ga ju ìlọ́po méjì lọ. Ìlà àtijọ́ yẹn, tó ti ń gòkè tó ń sọ̀ bí ẹni tó ń ṣe nǹkan ńlá, wá sún mọ́lẹ̀ pẹ̀kí.