Nihon Shoki: Ìwé Ilé Ẹni tó Ṣẹ́gun

Apá 28 nínú Nihon Shoki, ìwé ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Japan, kò sọ ju ogun kan ṣoṣo lọ. Ogun ọdún 672 ni, èyí tí Oama fi gba ìjọba mọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì di Ọba Tenmu. Ta ló kọ ìwé ọ̀hún? Tenmu fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí wọ́n kó ìtàn ilẹ̀ náà jọ. Toneri, ọmọ rẹ̀, ló ṣe olórí àwọn tó parí iṣẹ́ náà ní 720. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ ẹnì kan ló sì wà níwájú wa yìí. Síbẹ̀ mo ní kí ẹ kà á, nítorí àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ti já bọ́ lẹ́nu àwọn tó kọ ọ́.

Ní 671, àìsàn dá Ọba Tenji dùbúlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Oama àbúrò rẹ̀, ó ní kó wá gba ìjọba. Ẹnì kan ti ta Oama lólobó pé kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ó ní rárá o, ó fá orí, ó di mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà, ó gba òkè Yoshino lọ. Tenji kú, Otomo ọmọ rẹ̀ sì di ìjọba mú ní Omi. Kó tó pé ọdún kan, mọ́ńkì wa ti ń kó ọmọ ogun jọ.

Ibí yìí ni ìwé náà ti dùn jù. Ẹsẹ̀ ni Oama kọ́kọ́ fi rìn kó tó rí ẹṣin. Ó rẹ Uno ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n ya ọgbà ilé àwọn ará abúlé, wọ́n fi ṣe ògùṣọ̀. (Ta ló tún ọgbà ọlọ́gbà ṣe? Ìwé ò sọ.) Níbi tí òtútù ti mú wọn, wọ́n dáná sun odindi ilé kan kí wọ́n lè yáná. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀: ẹni tó bá ń káàánú ẹsẹ̀ tó ń ro èèyàn kì í rántí bi í pé kí lo fẹ́ lọ ṣe níbi tí ò ń lọ. Ṣùgbọ́n ní Nabari, wọ́n sun ibùdó ẹṣin ìjọba, wọ́n ké wọ ìlú pé kí àwọn èèyàn jáde wá tẹ̀lé wọn. Ẹnì kankan ò jáde. Ìwé Oama fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ o.

Otomo ńkọ́? A ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóhùn rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ níbi afárá Seta, ó pokùn so, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ fún àbúrò bàbá rẹ̀. Ìwé náà ka 672 sí ọdún kìíní Tenmu, bẹ́ẹ̀ 673 ló gorí ìtẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé ọdún Otomo mì nìyẹn. Kaifuso, àkójọ ewì ọdún 751, pè é ní àrẹ̀mọ, àmọ́ ó di 1870 kí ìjọba Japan tó kà á mọ́ àwọn ọba, tí wọ́n sọ ọ́ ní Kobun. Tochi, ìyàwó Otomo, ọmọ bíbí Oama ni. Bàbá ẹ bá ọkọ ẹ jà títí ọkọ fi kú; ìwé ò sọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà. Ó kú lójijì ní 678, ọba ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó parí.

Tenmu kú ní 686. Oṣù kan ò tíì pé tí wọ́n fi mú Otsu ọmọ rẹ̀ pé ó ń dìtẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó kú. Ọmọ ọdún 24 ni. Uno, tó rẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́sí, ló di ìjọba mú nígbà náà. Otsu jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n Kusakabe àrẹ̀mọ ni ọmọ tirẹ̀. (Kusakabe kú ní 689 láì jọba, Uno gorí ìtẹ́ fúnra rẹ̀, òun ni Jito.) Ẹ wá wo ohun tí ìwé ilé yìí kọ: èèyàn tó lé ní 30 ni wọ́n mú pẹ̀lú Otsu, wọ́n sì dá gbogbo wọn sílẹ̀ àfi ẹni méjì. Irú ìdìtẹ̀ wo nìyẹn, tí olórí kú, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń lọ sílé? Ó tún yìn ín pé ọlọ́gbọ́n ni, pé ó mọ ewì kọ. Ó ní Yamanobe ìyàwó rẹ̀ tú irun, ó sáré jáde láì wọ bàtà, ó lọ kú tì í, àwọn tó rí i sì ń sunkún.

Toneri, ọbàkan Otsu, ló gbé ìwé yẹn síwájú ọba ní 720. Obìnrin ni ọba ọ̀hún, Gensho, ọmọ Kusakabe. Kò yọ Yamanobe kúrò.